Mọ́tò Tọ́bò Tó Ń Pariwo: Bí A Ṣe Lè Pa Á Lẹ́nu Mọ́ Láìfún Un Lọ́rùn

Mọ́tò tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi agbára èéfín gbá afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì, ti wá pọ̀ ní Ìlọrin báyìí. Ẹ dúró sí ojú ọ̀nà Tánkẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí Golf GTI, Passat, Subaru Forester XT, Sonata 2.0T, Accord 2018, Mercedes C300. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ti gé nǹkan kan kúrò lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tó ń wà wọ́n. Iṣẹ́ abẹ́ mọ́tò ni mò ń ṣe. Forester XT ni èmi náà ń wà, ọ̀nà Ìlọrin sí Òmù-Àrán ló sì mọ̀ jù, nítorí ìyá mi wà níbẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà àdúgbò rí oorun sùn, mo sì fẹ́ kí mọ́tò yín máa sáré bó ṣe yẹ.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé tí mọ́tò tọ́bò bá ti dákẹ́, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn?

Irọ́ ni. Nígbà tí mọ́tò yẹn kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, jẹ́ẹ́ ló ń lọ, gbogbo agbára tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ńlá lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà tí èrò bá ń jáde. Tí ẹ bá dín ẹnu ọ̀nà kù, èrò á há, wọn á máa tì ara wọn, ẹni tó wà nínú kò ní tètè jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ́ ẹní sí gbogbo ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ẹsẹ̀ wọn kò ní dún mọ́, wọn á sì máa jáde bí wọ́n ṣe ń jáde. Èéfín ni èrò, ìró ni ẹsẹ̀ tó ń dún. Ẹní la fẹ́ tẹ́ sínú ẹ́sọ́ọ̀sì. A ò fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Kí ni tọ́bò fi yàtọ̀ sí mọ́tò lásán lórí ọ̀rọ̀ ẹ́sọ́ọ̀sì?

Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní 1905, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì tíì yí padà títí di òní. Abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà lórí ọ̀pá kan. Èéfín tó ń ti inú ẹ́ńjìnì bọ̀ ló ń yí ti àkọ́kọ́. Ìkejì ń gbá afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì kí ó lè jó epo púpọ̀ sí i. Ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó ń yí i ni pé ìfúnpá èéfín níwájú abẹ̀bẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá ṣe tóbi tó ni abẹ̀bẹ̀ ṣe ń tètè jí. Tí ẹ bá wá dí ẹ̀yìn, ìyàtọ̀ náà kéré, tọ́bò á máa lọ́ra, ooru á máa kó jọ. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi fara mọ́ ọn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹ́ńjìnì nílò kí èéfín ta padà díẹ̀. Lẹ́yìn tọ́bò, kò nílò rẹ̀ rárá.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ fún wa. Bí èéfín ṣe ń gba àárín abẹ̀bẹ̀ kọjá, abẹ̀bẹ̀ ti ń gé ìró rẹ̀ wẹ́wẹ́. Tọ́bò fúnra rẹ̀ ti bá wa ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ sálẹ́ńsà, ìyẹn agolo tó ń pa ìró lára ẹ́sọ́ọ̀sì.

Mercedes tèmi, "Kompressor" ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé tọ́bò náà nìyẹn?

Rárá o. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ló ń yí tìyẹn, èéfín kọ́. Kò sí abẹ̀bẹ̀ kankan lójú ọ̀nà èéfín rẹ̀ tí yóò bá a gé ìró. Àmọ́ ohun tí mo sọ nísàlẹ̀ yìí lórí sálẹ́ńsà bá a mu.

Ariwo ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ nínú mọ́tò mi. Ṣé kí n ra sálẹ́ńsà tuntun?

Ẹ má rà á tíì. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò.

Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Mò ń bọ̀ láti Òmù-Àrán lọ́jọ́ kan, mo ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, mo bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù kan tí omi bò. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ iná ni abẹ́ mọ́tò ń dún tàtàtàtà bí ẹni ń ya aṣọ. Mo dé Ìlọrin, mo ra sálẹ́ńsà ẹ̀yìn, a jó o mọ́ ọn, ariwo kò lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Sùbúhì, nígbà tí gbogbo páìpù ṣì tutù, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ta ẹ́ńjìnì kó sì fi àkísà tútù bo ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti kàn-ìn-kàn-ìn tí mo ti rì sínú omi ọṣẹ. Mo ń fún omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ara páìpù fúlẹ́ẹ̀sì, ìyẹn apá tó rọ̀ tí wọ́n fi wáyà wẹ́wẹ́ hun, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń wú, ó ń rọ̀, bí ẹnu ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú omi. Mo nu ọṣẹ kúrò, mo rí i: wáyà ti là, ìlà dúdú kan tín-ín-rín bíi tìróò sì wà lára rẹ̀. Fúlẹ́ẹ̀sì nìkan ló bàjẹ́. Sálẹ́ńsà tí mo rà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé páìpù tutù, kí ẹ gbé mọ́tò lé orí sítáǹdì gidi; ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ìlà dúdú ni kí ẹ máa fojú wá. Ibikíbi tí èéfín bá ti ń jò, ó máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

Ibi tó ti ń jò ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń dún lọ. Tó bá jẹ́ níwájú tọ́bò, bóyá mánífóòdù, ìyẹn páìpù tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnì, ló sán tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló jó, èéfín tí ì bá yí abẹ̀bẹ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀ yẹn: ariwo ni, agbára sì ń lọ. Ẹ ó máa gbọ́ ọ kíkankíkan ní àárọ̀, yóò wá rọlẹ̀ nígbà tí irin bá gbóná tó sì wú. Tó bá wà nítòsí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ ìta á wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà mọ́tò á máa da epo sí i lásán. Tó bá wà lábẹ́ ibi tí ẹ jókòó sí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun lásán ló sì máa ń jọ lójú ẹni tó bá gbé. Tí orí bá ń fọ́ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wa mọ́tò yẹn, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n ní kí n ki irin sínú ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì, tàbí kí n lo páìpù tó kéré. Ṣé ó dára?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí èmi náà tó kọ́ iṣẹ́ yìí, mo gbé Forester mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní kí wọ́n bá mi dín ariwo rẹ̀ kù. Wọ́n gbà á, lọ́jọ́ kejì wọ́n dá a padà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn dé ilé. Ìgbà tí mo gbé e sójú ọ̀nà Ìdòfìàn ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Mo tẹ iná dé ìsàlẹ̀, mọ́tò ń fà bí ẹni tó ru ẹrù. Géèjì tọ́bò tó máa ń dé 13 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá) kò kọjá 7. Ooru ń ti abẹ́ ẹsẹ̀ mi wá, òórùn irin gbígbóná sì gba gbogbo inú mọ́tò. Nígbà tí wọ́n gé sálẹ́ńsà náà níṣojú mi, irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n jó o dí gbogbo inú páìpù, wọ́n sì lu ihò kan ṣoṣo sí àárín rẹ̀. Àtàǹpàkò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba inú ihò náà. Gbogbo èéfín ẹ́ńjìnì 2.5 lítà ni wọ́n ní kó gba ibẹ̀ kọjá. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo ti wà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, síìlì tó ń dí òróró inú tọ́bò ìbá sì ti jó.

Torí náà, ẹ má ki kàn-ìn-kàn-ìn onírin sínú páìpù, ẹ má jó irin dí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù ínǹṣì 1.75 rọ́pò 2.5 nítorí pé òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Irú sálẹ́ńsà wo ni kí n wá wàyí?

Ọ̀rọ̀ sálẹ́ńsà ti pẹ́. Milton Reeves àti Marshall Reeves, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tiwọn ní 1897. Láti ìgbà náà, oríṣi méjì ló gbajúmọ̀.

Èkíní ni oníyàrá. Tí ẹ bá là á, ẹ ó rí yàrá bíi mẹ́ta nínú rẹ̀, èéfín á wọ ọ̀kan, á yí padà, á wọ òmíràn, á tún yí padà kó tó jáde. Ìró ń kọlu ògiri, ó ń pa ara rẹ̀. Ó ń pa ariwo dáadáa, pàápàá ohùn ńlá tó ń kùn, òun ló sì wà lábẹ́ mọ́tò púpọ̀ láti ilé iṣẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé èéfín ń rìn yípo. Tí ẹ kò bá fi kún agbára mọ́tò rárá, kò burú, ti ilé iṣẹ́ gan-an ló dára jù, ẹ má gé e.

Èkejì ni èyí tí mo fẹ́ràn fún tọ́bò: olójú-títọ́. Ẹ mọ ajere, ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí yíká. Ẹ wá fojú inú wo páìpù tí wọ́n lu bíi ajere láti orí dé ìdí. Páìpù yẹn gba àárín agolo ńlá kan kọjá tààrà, wọ́n sì fi fáíbà dígí tàbí ti òkúta basalt di àyè tó wà láàrin méjèèjì. Èéfín ń lọ tààrà, kò sí ohun tó dí i. Ìró ní tirẹ̀ ń gba ojú ihò wọ inú fáíbà, ibẹ̀ ni yóò ti rẹ̀ ẹ́, tí yóò sì di ooru díẹ̀. Ẹní tí mo ní ká tẹ́ nìyẹn.

Wàyí o, gbogbo olójú-títọ́ kọ́ ló ń dákẹ́. Agolo kékeré tó gùn ní ínǹṣì 12, tó rí bíi agolo mílíìkì, ariwo lẹ ó máa gbọ́ lọ. Ohun tó ń pa ìró ni gígùn àti ìsanra. Tí àyè bá wà lábẹ́ mọ́tò, ẹ wá èyí tó gùn tó ínǹṣì 18 sí 24, kí fáíbà inú rẹ̀ nípọn. Méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan láàrin mọ́tò, tí àwọn ènìyàn ń pè ní rẹ́sónétọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn, sàn ju ọ̀kan ńlá lọ. Púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò tó ń dà wá láàmú, rẹ́sónétọ̀ wọn ni wọ́n ti gé tí wọ́n fi páìpù lásán dípò. Tí ẹ bá dá a padà, ohùn gbígbẹ tó ń gún etí yẹn á lọ.

Ṣé wẹ́dà wa níbí lè ṣe irú rẹ̀, àbí dandan ni kí n ránṣẹ́ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó?

Wọ́n lè ṣe é, mo sì fẹ́ kí ẹ fún wọn níṣẹ́, kí ẹ ṣáà dúró tì wọ́n. Páìpù ajere inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó páìpù tó wọ inú rẹ̀, kó má kéré rárá. Kí ihò rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì fá etí ihò kọ̀ọ̀kan kó dán. Ihò tí etí rẹ̀ yọ sínú ló máa ń súfèé. Wọ́n á kọ́kọ́ wé wáyà sítélénlẹ́ẹ̀sì wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lára, lẹ́yìn náà ni wọ́n á di fáíbà. Wáyà yẹn ni kò ní jẹ́ kí èéfín máa fa fáíbà jáde díẹ̀díẹ̀. Tí fáíbà bá ti tán, sálẹ́ńsà ti di àgbá òfìfo, ariwo yóò sì padà. Fọ́ọ̀mù àti àkísà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, iná ni wọ́n. Ẹni tó ń di fáíbà kó wọ ìbọ̀wọ́ kó sì bo imú.

Ẹ tún wo ojú tí wọ́n jó láti inú. Irin tó yọ́ tó sì kán sínú páìpù ń dá èéfín dúró, kì í sì í hàn níta.

Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ sálẹ́ńsà mi, omi ń kán níbẹ̀. Ṣé kí n jó o pa?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó o pa. Ilé iṣẹ́ ló lu ú. Lítà epo bẹntiróòlù kan tó bá jó, omi tó ń bá èéfín jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí ẹ bá lọ láti Fátè sí Post Office nìkan tí ẹ sì pa mọ́tò, páìpù kò gbóná tó láti lé omi yẹn jáde, inú sálẹ́ńsà ló ń rọ́ sí. Ihò yẹn ló ń tú u dànù. Tí ẹ bá dí i, sálẹ́ńsà á jẹrà láti inú wá.

Báwo ni páìpù ṣe yẹ kó fẹ̀ tó?

Fún ọ̀pọ̀ mọ́tò onísílíńdà mẹ́rin tí a ní níbí, ínǹṣì 2.5 tó, ó tó dáadáa. Ẹni tó ti fi kún agbára rẹ̀ kọjá agbára ẹṣin 300 ló yẹ kó máa ronú ínǹṣì 3. Páìpù tó fẹ̀ jù kò fún yín ní nǹkan kan ju ohùn tó tóbi lọ.

Láàrin ìlú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ọ̀nà Ogbomọ̀ṣọ́ tí mo wà lórí iyára kan, inú mọ́tò á máa kùn húúún títí orí á fi máa fọ́ mi.

Ìkùn nìyẹn, ó sì yàtọ̀ sí ariwo. Ìró kan ṣoṣo ló ń ṣe é, ní iyára ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo; ẹ sọ iyára kalẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ fi kún un, yóò lọ. Bí ẹ bá ń fi sálẹ́ńsà kún sálẹ́ńsà nítorí rẹ̀, ẹ kàn ń náwó ni. Ìró kan yẹn ni kí ẹ dójú sọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wo géèjì tó ń fi iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan hàn nígbà tó ń kùn gan-an, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní 3000 ni. Ẹ́ńjìnì yí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Onísílíńdà mẹ́rin máa ń yìnbọn ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, torí náà ìró 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú èéfín tó gbóná tó 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìró ń sáré nǹkan bíi mítà 480 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi 100 pín 480, ó di 4.8. Ẹ tún fi 4 pín in, ó di mítà 1.2.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí wẹ́dà ya ẹ̀ka kan sí ara páìpù, kó fẹ̀ bíi páìpù náà, kó gùn ní mítà 1.2, kí wọ́n sì jó ìdí rẹ̀ pa. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kó bá páìpù ńlá rìn lábẹ́ mọ́tò. Ìró á wọ inú ẹ̀ka yẹn, á kọlu ìdí rẹ̀, á padà wá pàdé ìró tó ń bọ̀ ní òdìkejì, àwọn méjèèjì á pa ara wọn. Èéfín kò gba ibẹ̀ kọjá rárá, nítorí náà kò dí tọ́bò lọ́wọ́ ní ohunkóhun. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ń ṣe, òun ló máa ń jọ idán lójú oníbàárà: ó dé ọ̀nà Ogbomọ̀ṣọ́, ó dúró de ìkùn, ìkùn kò dé.

Ẹ gé e kó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá gùn ju ìṣirò lọ, nítorí ooru inú mọ́tò kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba. Ẹ fi kíláàmù dè é fún ìgbà díẹ̀, ẹ wà á, tó bá jẹ́ pé 2700 ló ti dákẹ́ tó sì ń kùn ní 3000 síbẹ̀, ó gùn jù, ẹ gé e díẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí ẹ tó jó o.

Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ wo rọ́bà tó gbé ẹ́sọ́ọ̀sì kọ́. Tí ó bá ti le bí igi, tàbí tí páìpù bá kan ara bọ́dì níbì kan, bọ́dì á máa gbọ̀n, gbogbo mọ́tò á di ìlù. Rọ́bà mẹ́rin ti yanjú ìkùn fún àwọn kan lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ti yọ kátálíìsì mi. Ṣé ó fi kún ariwo? Ṣé kí n dá a padà?

Ó fi kún un púpọ̀. Àwọn ihò tín-tìn-tín inú kátálíìsì ń gé ìró bí wọ́n ṣe ń fọ èéfín mọ́. Ẹni tó yọ ọ́ sì mọ ìdí tó fi yọ ọ́: pílátínọ́ọ̀mù, paládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ ń pa owó. Tí mẹkáníìkì bá ní òun yóò bá yín yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ bi í léèrè ibi tó ń gbé e lọ.

Òótọ́ ni pé kátálíìsì tó ti dí ń pa tọ́bò. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà níwájú kátálíìsì, ẹ fi géèjì ìfúnpá sí ojú ihò rẹ̀. Tó bá kọjá 3 psi nígbà tí ẹ́ńjìnì wà lórí 2500 tí mọ́tò kò sì rìn, ó ti dí. Tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tó fẹ́ dá a padà láìdín agbára kù, kó wá èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 200 nínú ínǹṣì onígun mẹ́rin kan. Ti ilé iṣẹ́ máa ń tó 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní dí tọ́bò lọ́wọ́, á dín ohùn kù, àwọn tó wà lẹ́yìn yín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òfà Gàréèjì náà á sì mí.

Mọ́tò mi ń ṣe "pṣṣṣ" tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Ti ẹ́sọ́ọ̀sì kọ́ nìyẹn. Fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ tọ́bò dànù sí ìta ni. Èyí tó ń dá afẹ́fẹ́ padà sínú páìpù ló wá lára ọ̀pọ̀ mọ́tò láti ilé iṣẹ́. Ẹ dá a padà, ó tán.

Àwọn kan ní kí wọ́n ṣe é kó máa yìnbọn "pá-pá-pá". Wọ́n ti ṣe é sí tèmi, mi ò fẹ́ ẹ mọ́.

Inú kọ̀ǹpútà mọ́tò ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní kó máa da epo sí i kó sì pẹ́ kó tó tanná sí i nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, kí epo náà lè jó nínú ẹ́sọ́ọ̀sì. Inú páìpù gbígbóná ni iná ti ń jó, ó ń lu abẹ̀bẹ̀ tọ́bò, ó ń fọ́ kátálíìsì, ó sì ń fẹ́ fáíbà sálẹ́ńsà dànù. Kò fi agbára kankan kún mọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n dá ètò ti tẹ́lẹ̀ padà kí ẹ tó ra sálẹ́ńsà tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti tuntun náà á bàjẹ́. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya.

Hílúúsì wa ń lo dísù, ó sì ní tọ́bò. Ṣé ohun kan náà ni?

Páìpù àti sálẹ́ńsà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ariwo dísù, inú ẹ́ńjìnì ló ti ń wá, ẹ́sọ́ọ̀sì kò lè pa ìyẹn.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ariwo dín kù lóòótọ́, agbára kò sì dín?

Ẹ wọn méjèèjì ṣáájú iṣẹ́, ẹ wọ̀n wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Etí máa ń purọ́ fún ẹni tó ti sanwó.

Fún ariwo, ẹ lo ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ìró tàbí áàpù orí fóònù. Ìlànà ISO 5130 tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé ní kí ẹ̀rọ wà ní ìdajì mítà sí ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì, kó dúró ní ìgun 45, kó má wà lójú èéfín tààrà. Ẹ wá pápá tí kò ní ògiri nítòsí. Kí ẹ́ńjìnì wà lórí iye kan náà nígbà méjèèjì. Áàpù fóònù lè má bá ẹ̀rọ gidi dọ́gba, ṣùgbọ́n fóònù kan náà á fi ìyàtọ̀ hàn yín. Tó bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 wálẹ̀, etí á gbọ́ ọ bí ìdajì ohun tó ń gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Fún agbára, ẹ so sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò, mọ́ ọn, kí ẹnìkejì máa wò ó nígbà tí ẹ bá ń wà á. Ìfúnpá tọ́bò ni kí ẹ wò: iye tó ga jù tó dé, àti orí iye yíyí wo ló ti dé ibẹ̀. Tó bá máa ń dé 13 psi ní 3000 tẹ́lẹ̀, tó sì ń dé 13 ní 3000 lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ kò pàdánù nǹkan kan. Tó bá di 3600 kó tó dé ibẹ̀, nǹkan kan dí. Ẹ yan ojú ọ̀nà tó dá, tí kò sí ilé ìwé tàbí ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣé ìjọba lè mú mi nítorí ariwo?

Òfin ariwo wà ní Nàìjíríà láti 2009, lábẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká. Àmọ́ kí òfin tó dé, aládùúgbò ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ta mọ́tò rẹ̀ ní aago márùn-ún àárọ̀ lẹ́bàá ilé aláìsàn mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ẹ kò bá tíì rí owó ṣe é, ẹ má fi í gbóná lórí ìdúró. Ẹ ta á, ẹ ka 20, ẹ máa wà á lọ jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló tiẹ̀ ṣe ń tètè gbóná.

Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Wíwá ibi tó ń jò kò ju omi ọṣẹ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ti gé rẹ́sónétọ̀, òun ló kàn, kí sálẹ́ńsà ẹ̀yìn tó kàn. Ẹ̀ka ìkùn gbẹ̀yìn, nítorí gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe ṣáájú lè yí orí iye tó ń kùn padà, ìṣirò yín á sì ṣòfò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá bá mi kò kọjá ìpele kẹta kí wọ́n tó sọ pé ó tó.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ wà á fún bíi kìlómítà 500, ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù mọ́jú, kí ẹ tún gbogbo bóòtù rẹ̀ fún. Irin tuntun máa ń wú, ó sì máa ń sún kì nígbà tí ooru bá ti gbà á mọ́ra lẹ́ẹ̀mélòó kan, bóòtù tí ẹ fún dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á ti rọ̀. Èmi máa ń ṣe tèmi ní Òmù-Àrán, lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, kí n tó gbéra padà sí Ìlọrin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, sípánà 14 kan.